Mo Sọ Irin Tuntun Di Tòkunbọ̀

Ẹ má ṣàánú mi o. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn yìí pé "ìyà ti jẹ arábìnrin yìí tó," ẹ fi bírò yín sílẹ̀ ná. Ẹni tí ìyà jẹ kọ́ ni èmi. Ẹni tó yẹ kí ìyà jẹ ni mí, ìyàtọ̀ sì wà níbẹ̀.

Orúkọ mi ni Mwanakombo. Mombasa ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣiṣẹ́ àjẹ́ńtì, àwa tí à ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní èbúté. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni tiwa: bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì, bẹ́árìn, gbogbo irin tí mẹkáníìkì ń wá kiri. Ìwé àṣẹ tí a fi ń ṣe é kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, Mzee Athman Bwanaheri, ló ni ín; Mzee ni à ń pe àgbàlagbà lọ́dọ̀ wa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù kò sì pè é lẹ́ẹ̀kan rí pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń tún ìwé náà ṣe. Mzee ti sọ fún gbogbo ilé pé tọdún yìí ni òun máa gbẹ̀yìn, pé òun máa fi orúkọ mi sí i, kí òun padà sí Lamu, erékùṣù tí wọ́n bí òun sí, kí òun jókòó máa wo òkun. Ìwé yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn. Òun ni mo fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́.

Bàbá náà ní àṣà kan tó máa ń bí mi nínú. Kò sí ẹrù tó máa kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣírò owó orí fún nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù láìjẹ́ pé ó gba ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, kó yí i padà, kó wo ìdí rẹ̀. Ìdí ni wọ́n máa ń tẹ orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe nǹkan sí. Á mú awò ojú rẹ̀ jáde lápò, á kà á bíi Kùránì.

"Ohun tí wọ́n ń pe nǹkan yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́," ló máa ń sọ. "Bóòtù tí a fi ń de irin, tó lè wọ ọkọ̀, tó tún lè wọ bẹ́ẹ̀dì, bóòtù ni. Kì í ṣe ẹ̀yà ọkọ̀, bí oníbàárà tiẹ̀ fi ìyá rẹ̀ búra. Yí i padà kó o tó kọ ọ́."

Yí i padà, yí i padà. Èmi tí mo lọ sí yunifásítì! Mo mọ nọ́ńbà gbogbo irin lórí kọ̀ǹpútà, mo lè kọ ìwé ẹrù mẹ́wàá kí bàbá yìí tó wo ìdí irin kan tán. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ní bí wọ́n bá gbé ìyàwó tuntun fún un, á kọ́kọ́ yí i padà ná. A máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Òmùgọ̀ èèyàn ló máa ń fi ọlọ́gbọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni Gathoni ti bá mi. Gathoni jẹ́ obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ọkọ̀ ńlá kan ní Kirinyaga Road ní Nairobi, ó ti pé ọdún mẹ́fà tó ti jẹ́ oníbàárà wa nígbà náà. Ó wá sí Mombasa, kò pe Mzee, èmi ló pè. Ó ní ká lọ jẹun. Abọ́ ìrẹsì biriyani kan àti omi èso tàmáríǹdì ló fi rà mí lọ́pọ̀, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ojú tó tì mí.

Ó ráhùn dáadáa. Ó ti ra bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tuntun láti China, irin olórúnkún tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Ó ní òun lọ sí ilé-iṣẹ́ náà fúnra òun, pé irin gidi ni, kò sí àbùkù lára rẹ̀. Àmọ́ ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́jọ tó ti wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kò tà.

Mo mọ ìdí tí kò fi tà. Àwọn èèyàn wa! Ẹ gbé irin tuntun tó ń dán fún wọn, wọ́n á fi ìmú gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á ní ayédèrú ni. Ẹ gbé èyí tó dọ̀tí fún wọn, tí ọkọ̀ ẹlòmíràn ti lò gbó ní Japan, wọ́n á san ìlọ́po méjì, wọ́n á tún dúpẹ́. Bí tòkunbọ̀ bá ti dé láti Japan, ìdọ̀tí ara rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ojúlówó ni. Mo ti rí mẹkáníìkì tó fọwọ́ sọ̀yà, tó ní òun kò ra irin tí kò bá sí ọ́ìlì dúdú lára rẹ̀.

Gathoni ní, "Mwanakombo, ìwọ lo mọ̀wé. Kí ni èèyàn lè ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí?"

Kò ní kí n ṣe nǹkan kan o. Ìbéèrè ló bi mí. Èmi ni mo nu ẹnu mi, tí mo ní, "Ẹ sọ ọ́ di tòkunbọ̀."

Mo ṣàlàyé fún un bí olùkọ́. Mo ní kó má jẹ́ kí ẹrù tó kàn wá tààrà láti China, kó gba Dubai wá, níbi tí àwọn kan ti ń kó àlòkù jọ fún wa. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ ha orúkọ ilẹ̀ tó wà ní ìdí rẹ̀ kúrò. Kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ kó dípẹtà díẹ̀, kí wọ́n fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà nínú ẹ́ńjìnnì kùn ún, kí wọ́n kó o sínú àpò bíi pé wọ́n tú u lára ọkọ̀. Èmi á kọ ọ́ sínú ìwé pé àlòkù ni, láti Japan. Iye tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń dá lé àlòkù kéré, owó orí rẹ̀ náà á kéré. Àwọn oníbàárà rẹ̀ á sì san iye tó ga. Èrè níwájú, èrè lẹ́yìn.

Gathoni fi ṣíbí sílẹ̀. Ó wò mí títí. "Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "ta ló bí ẹ?"

Inú mi dùn. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Ó ní bí ìwé àṣẹ bá ti bọ́ sí orúkọ mi, gbogbo ẹrù òun àti ti àwọn ọ̀rẹ́ òun ni èmi á máa gbà. Ó ní kí n wá ọ́fíìsì tó bójú mu ní Nyali, àdúgbò àwọn olówó, kí n kúrò nínú ihò tí Mzee fi mí sí ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Nígbà tí mo fi délé lọ́jọ́ náà, mo ti yan àwọ̀ kọ́tíìnì ọ́fíìsì mi. Àwọ̀ ewé tútù, ẹ̀yin ará.

Gathoni kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó ra ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tuntun, òsì nìkan ló sì rà. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ́dọ̀ wa mọ ìdí rẹ̀. Apá òsì là ń gbà, ẹ̀gbẹ́ títì ló sì máa ń bàjẹ́ jù, ihò ibẹ̀ ni táyà òsì ń kó sí láàárọ̀ lálẹ́. Fún ọ̀tún kan tí mẹkáníìkì bá pààrọ̀, ó ti pààrọ̀ òsì mẹ́ta. Nígbà tí Gathoni sọ fún mi pé òun kò fi owó òun ṣòfò lórí ọ̀tún, mo ní, "Màmá, orí yín pé." A rẹ́rìn-ín lórí fóònù.

Ọjọ́ tí mo máa fi ìwé ẹrù náà ránṣẹ́, Mzee ń múra mọ́ṣáláṣí lọ fún ìrun Àṣárì. Kò sí bí mo ṣe lè fi ránṣẹ́ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù rẹ̀, torí orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé àṣẹ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè irin àpẹẹrẹ láti inú ẹrù Gathoni.

"Mo ti rí i, Bàbá."

"Ṣé o yí i padà?"

"Mo yí i padà."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Japan."

Ó ní ó dáa. Ó fi àtàǹpàkò tẹ fóònù náà, ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó lọ kírun. Bàbá tó ń yí bóòtù padà kò yí mi padà. Mo tún rẹ́rìn-ín sínú pé bó ṣe rọrùn tó rèé.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lọ jìnnà. Oṣù kan àtààbọ̀ lẹ́yìn náà ni kọ̀ntéénà dé, kọ́sítọ́ọ̀mù sì mú un mọ́ àwọn tí wọ́n máa ṣí wò. Mo sáré lọ bá ọ̀gá tó máa ṣí i, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan láti òkè Kericho, Chelagat lorúkọ rẹ̀. Mo rọra bi í bóyá kí n mú tíì wá fún un. Gbogbo wa la mọ irú tíì tí mò ń sọ, èyí tí à ń kì bọ àpò.

Ó ní, "Mo ti mu tíì nílé," ó sì ń ka ìwé rẹ̀ lọ.

Mzee gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣí i, ó ní òun ń bọ̀. Mo ní oòrùn mú, mo ní orúnkún tó ń dùn ún kò ní gbà á láti dúró. Ó ní orúkọ òun ló wà níbẹ̀. Ó wọ kánsù, ẹ̀wù gígùn funfun tó mọ́ tónítóní, ó dé fìlà tó níṣẹ́ ọnà lára, bí ẹni tó fẹ́ lọ gba àmì ẹ̀yẹ. Inú rẹ̀ dùn, ẹ gbọ́. Ó ń sọ lójú ọ̀nà pé ó dáa bẹ́ẹ̀, kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fojú rí mi dáadáa kí ìwé tó bọ́ sọ́wọ́ mi.

Wọ́n já èdídí ilẹ̀kùn kọ̀ntéénà. Àwọn alábàárù wọ́ àpò mẹ́rin jáde. Chelagat kó bọ́ọ̀lù jọ́ìntì mẹ́wàá jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Kì í pariwo, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ lọ.

"Àlòkù lẹ kọ síbí, láti Japan."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màdáámú.

"Wọ́n tú wọn lára ọkọ̀ nìyẹn."

"Lára oríṣiríṣi ọkọ̀, Màdáámú." Oríṣiríṣi! Ta ló bi mí?

Ó yí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dojú bolẹ̀. Ìdí gbogbo wọn ni ẹ̀rọ ti ha, ojú kan náà, ó rí roboto bíi kọ́ìnì. Ó ní, "Oríṣiríṣi ọkọ̀, egbò kan náà." Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń tú u ní Japan nìyẹn. Alábàárù kan wúkọ́, mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló gbé mì.

Chelagat ní kí wọ́n tú àpò mìíràn, àti òmíràn. Ó mú ọ̀kan, ó fi wé ọ̀kan, ó gbé e sílẹ̀. Ó tún mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ló pe Mzee tó jókòó lábẹ́ ibòji.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ti ẹsẹ̀ ọ̀tún kan ṣoṣo nínú ẹrù yìí."

Mzee dìde. Ó wo àpò àkọ́kọ́, ó wo èkejì. Àwọn alábàárù náà bá a wá a. Òsì, òsì, òsì.

Chelagat wò mí. "Arábìnrin, ṣé ọkọ̀ tó wà ní Japan kò ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ni?"

Ẹ̀rín bú. Alábàárù kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń lu itan. Ọgbọ́n àgbọ́njù tí èmi àti Gathoni fi ń pa ara wa lẹ́rìn-ín lórí fóònù, òun ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín mi ní gbangba. Ẹni tó bá ń tú ọkọ̀ tú ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó ra láti ilé-iṣẹ́ nìkan ló lè yan òsì ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n, èmi tí mo lọ yunifásítì ni n kò mọ̀ ọ́n.

Chelagat dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ìdáhùn kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ àlòkù ni, irin tó ti dípẹtà tó báyìí kò gbọdọ̀ wọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ èèyàn, òun á ní kí wọ́n fọ́ ọ. Bó bá sì jẹ́ tuntun ni, irọ́ ni ìwé wa láti òkè dé ilẹ̀. "Èwo ni?"

Mzee mú ọ̀kan. Ó gbé etí kánsù funfun rẹ̀, ó fi nu irin náà. Ó nù ún títí etí kánsù fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Lábẹ́ ọ́ìlì àti ìpẹtà, ibi tí iyọ̀ kò dé ń kọ yànrànyànràn. Ó fọwọ́ kan rọ́bà ọrùn rẹ̀, irun wẹ́wẹ́ tí rọ́bà tuntun máa ń ní ṣì wà lára rẹ̀.

"Mwanakombo," ó ní, "o sọ fún mi pé o yí i padà."

Ó gbé irin náà síwájú mi.

"Kí ni èyí?"

"Àlòkù ni, Bàbá."

Ẹ gbọ́ mi! Irin ń dán lọ́wọ́ bàbá, aṣọ rẹ̀ ti dúdú, mo ṣì ń purọ́ lójú rẹ̀.

Ó wò mí. Ojú yẹn, mi ò ní lè ṣàpèjúwe rẹ̀, mi ò sì ní gbìyànjú. Ó yíjú sí Chelagat. "Tuntun ni," ó ní. "Ohun yòówù kí wọ́n fi kùn ún, tuntun ni. Orúkọ mi ló wà lórí ìwé, ọwọ́ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí?" Kì í ṣe Mzee ló ń wò nígbà tó ń bi í. Èmi ló ń wò. Ó mọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi, ó sì dúró kí n wọlé.

Gbólóhùn kan péré ni: èmi ni. Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń rò? Kọ́tíìnì aláwọ̀ ewé. Mo ń rò ó pé bí mo bá lanu, Nyali ti lọ nìyẹn. Mo wo ẹsẹ̀ ara mi, mo dákẹ́.

Mzee náà fún mi láyè, èmi ni n kò lò ó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi ni mo ni ìwé àṣẹ," ó sì bọwọ́ lùwé níbi tí wọ́n fi hàn án. Kò purọ́. Ẹ kíyè sí i pé àní lọ́jọ́ yẹn, kò purọ́.

Wọn kò tún ìwé rẹ̀ ṣe mọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n parí sínú lẹ́tà tí kò kún ojú ìwé kan. Gathoni ńkọ́? Gathoni kọ̀wé pé obìnrin lásán ni òun, òun kò mọ̀wé, àjẹ́ńtì ló tan òun. Ó san owó ìtanràn, ó wá àjẹ́ńtì mìíràn, ó ti gbé nọ́ńbà mi kúrò lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n fọ́ irin náà pátá, torí omi iyọ̀ ti jẹ ojú ìdè rẹ̀. Chelagat sọ fún wa pé wọ́n rí ìwọ̀nba díẹ̀ nísàlẹ̀ àpò tí iyọ̀ kò dé, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, irin tó le dáadáa ni. Ohun gidi la sọ di pàǹtí kó lè jọ ohun gidi. Bí ẹ bá ń wá ìwà òpònú tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bá mi wá a.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wà nílé kí n tó kọ òótọ́ sínú lẹ́tà, tí mo mú un lọ bá Chelagat. Ó kà á tán, ó ká a.

"Ọjọ́ tí òótọ́ yìí wà ní tuntun, mo dúró dè é," ó ní. "Tòkunbọ̀ lo gbé wá yìí."

Ó fi sínú fáìlì náà. Kò dá ìwé Mzee padà. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe ni pé wọ́n kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, nínú àwọn tí kò gbọdọ̀ gba àṣẹ mọ́. Ṣebí mo fẹ́ kí orúkọ mi wà níbẹ̀.

Mzee kò lọ sí Lamu mọ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n máa bi òun níbẹ̀ pé ta ló wá gba iṣẹ́ òun. Kò bú mi rí. Ìyàwó rẹ̀ ló bú mi, ó bú mi dáadáa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù bátìrì kan báyìí, mò ń kọ rìsíìtì.

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá, mo rán ẹni tó ń bọ̀ láti Lamu kó bá mi ra halua, àdídùn tí wọ́n ń dì sínú agbọ̀n kékeré, tí Mzee fẹ́ràn láti kékeré rẹ̀. Mo gbé e lọ. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Láti Lamu ni, Bàbá," ni mo wí.

Ó gbà á. Ó mú awò ojú rẹ̀ jáde lápò. Ó yí agbọ̀n náà padà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, ó kà á dé ìparí. Lamu ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́.

Ìgbà yẹn ló tó ní, "O ṣé, ọmọ mi."